Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Bí Ọlọ́kọ̀ Akẹ́rù ní Kétu Ṣe Lè Yan Ẹ́ńjìnnì Mìíràn

Oṣù Keje ni. Àgbàdo ti gbó ní oko, òjò kò sì tí ì dáwọ́ dúró. Lójú ọ̀nà oko kan ní ilẹ̀ Kétu, ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kún fún àpò àgbàdo ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bọ̀ nínú ẹrẹ̀. Èéfín ń rú túú nídìí rẹ̀. Awakọ̀ tẹ iná, ẹ́ńjìnnì pariwo, ó kọ, ó sì kú. Àwọn tí ó jókòó lórí àpò sọ̀ kalẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Gbogbo wọn mọ̀ pé àgbàdo tí òjò bá pa fún ọjọ́ mélòó kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bu, àti pé ọjà kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ó ń fi ọkọ̀ kó irè oko. Ní alẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ńlá kan máa ń dúró níwájú ọlọ́kọ̀. Ara ọkọ̀ ṣì le, táyà ṣì dára, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ lédè Faransé ń pè ní moteur, ti rẹ̀. Ṣé kí ó tún ti àtijọ́ ṣe ni? Ṣé kí ó ra irú rẹ̀ tí wọ́n ti lò rí? Tàbí kí ó wá èyí tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù ú lọ? Owó tí yóò ná lè jẹ́ èrè ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá yàn dáradára, ọkọ̀ yóò bọ́ ilé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ó bá ṣi yàn, gbèsè ni yóò wọ ilé.

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀rọ̀ náà bá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mu gan-an.

Ilẹ̀ tí ọkọ̀ ń rìn

Kí ènìyàn tó sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Nígbà tí ìjọba amúnisìn Faransé ń la ojú irin láti Àjàṣẹ́ lọ sí àríwá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, ó gba Sakété kọjá, ó sì parí sí Pobè. Ọkọ̀ ojú irin kò dé Kétu. Láti ìgbà náà, orí, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, àti nígbà tí ó yá, ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ni irè oko Kétu fi ń jáde: àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti gààrí, ẹ̀pà, òwú, pákó àti igi ìdáná.

Ọ̀nà ọlọ́dà wà lónìí, ṣùgbọ́n oko kì í sábà wà létí ọ̀dà. Ọ̀nà oko ní Kétu jẹ́ ilẹ̀ pupa tí ó máa ń di eruku lẹ́búlẹ́bú ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí apá gúúsù, sí agbègbè àwọn Ọ̀họ̀rí, ilẹ̀ dúdú ni a óò bá. Amọ̀ ni ilẹ̀ náà. Bí òjò bá rọ̀, á wú, á sì máa lẹ̀ mọ́ táyà. Bí oòrùn bá mú, á gbẹ, á sì là yánnayànna. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò sì ń rọ̀ lọ́dún ní gbogbo agbègbè yìí: láti nǹkan bí Oṣù Kẹta títí dé Oṣù Keje, àti láti Oṣù Kẹsàn-án títí dé Oṣù Kọkànlá.

Nítorí náà, ọkọ̀ akẹ́rù oko kò nílò eré sísá. Ohun tí ó nílò ni agbára láti fa ẹrù wúwo díẹ̀díẹ̀ nínú ẹrẹ̀, àti àyà láti fara da eruku àti ooru. Ẹni tí ó bá mọ èyí ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

Nọ́ńbà tí ó ń sọ̀rọ̀

Nínú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ti pẹ́ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Mercedes onímú kúkúrú wà lára àwọn tí ojú mọ̀ jù. Ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ náà ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń fi nọ́ńbà pè é: 911, 1113. Ọ̀pọ̀ ni ó ń pe nọ́ńbà wọ̀nyí lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé ó ní ìtumọ̀.

Nọ́ńbà tí ó ṣáájú ń sọ ìwúwo tí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ lè ní lápapọ̀, ní tọ́ọ̀nù. Méjì tí ó gbẹ̀yìn ń sọ agbára ẹ́ńjìnnì. Tí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, ó di iye agbára ẹṣin. Nítorí náà, 911 jẹ́ ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 9 tí agbára rẹ̀ tó nǹkan bí ẹṣin 110. 1113 jẹ́ ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 11 tí agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹṣin 130. Bí lẹ́tà LA bá ṣáájú nọ́ńbà náà, bí i LA 1113, ó túmọ̀ sí pé gbogbo táyà, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó wúlò jù nínú ẹrẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ní orúkọ tirẹ̀. Èyí tí ó wà nínú 1113 ń jẹ́ OM 352. Ó jáde ní ọdún 1964. Ó ní sìlíńdà 6, èyí ni àwọn ihò tí pístọ́ọ̀nù ti ń lọ sókè sódò. Ní àpapọ̀, ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gba lítà 5 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Wọ́n tẹ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì mọ́ irin rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ tí ó bá lè ka lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà mẹ́ta yìí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọmọ ẹlòmíràn fún un ní orúkọ OM 352.

Ṣé ó ti kú lóòótọ́?

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti sọ nù nígbà tí àìsàn kékeré ni ó ń ṣe wọ́n. Láti mọ ìyàtọ̀, ó dára kí a mọ bí ẹ́ńjìnnì gásóìlì ṣe ń ṣiṣẹ́.

Rudolf Diesel ni ó ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ Jámánì ni, ṣùgbọ́n ìlú Paris ni wọ́n bí i sí ní 1858. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣiṣẹ́ dáradára ní ìlú Augsburg ní 1897. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò le. Ẹni tí ó bá ti fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé pọ́ǹpù máa ń gbóná, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ máa ń gbóná. Nínú OM 352, pístọ́ọ̀nù ń fún afẹ́fẹ́ títí tí yóò fi ku ìdá 1 nínú 17 ààyè tí ó gbà tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà á gbóná dé ibi pé bí gásóìlì bá ti kàn án, iná á ràn. Kò nílò iná mànàmáná láti ràn án.

Láti inú èyí ni a ti mọ àìsàn rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pístọ́ọ̀nù, kò ní gbóná tó, ẹ́ńjìnnì kò sì ní fẹ́ dìde ní òwúrọ̀. Èéfín pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Èéfín dúdú ń sọ pé gásóìlì pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ó lè jẹ́ fílítà afẹ́fẹ́ ni eruku ti dí, tàbí ẹnu tí ń fọ́n gásóìlì ni ó ti bàjẹ́. Àtúnṣe ìwọ̀nyí kò wọ́n bí i ti ẹ́ńjìnnì. Èéfín aláwọ̀ aró ń sọ pé epo ẹ́ńjìnnì ni ó ń jó. Ó lè jẹ́ pé àwọn òrùka pístọ́ọ̀nù ti jẹ. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tí omi rádíétọ̀ sì ń dínkù, ń sọ pé omi ti rí ọ̀nà wọ inú sìlíńdà.

Nítorí náà, ìgbésẹ̀ kìíní ni kí mẹkáníìkì wọn agbára tí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá kéré, ọ̀rọ̀ lè má tóbi. Bí gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ti rẹ̀, nígbà náà ni ó tó àkókò láti yan.

Ọ̀nà mẹ́rin

Ọ̀nà mẹ́rin ni ó wà níwájú ọlọ́kọ̀.

Ọ̀nà kìíní ni kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ palẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe láti ìpìlẹ̀. Àwọn tí ó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin ní ìlú ńlá á gbẹ́ ihò sìlíńdà gbòòrò díẹ̀, á dán irin tí pístọ́ọ̀nù ń yí, á sì fi pístọ́ọ̀nù, òrùka àti àwọn ohun mìíràn tí ó jẹ́ tuntun sí i. Ànfààní rẹ̀ ni pé ọlọ́kọ̀ mọ ìtàn ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, ohun gbogbo sì máa padà sí àyè rẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà gba ọjọ́, àti pé bí ẹni tí ó gbẹ́ irin kò bá wọn dáradára, tàbí bí pístọ́ọ̀nù tí wọ́n rà bá jẹ́ ayédèrú, gbogbo owó náà lè wọ omi láàárín oṣù díẹ̀. Bí irin ara ẹ́ńjìnnì bá sì ti là, ọ̀nà yìí ti dí.

Ọ̀nà kejì ni kí ó ra irú ẹ́ńjìnnì kan náà tí wọ́n ti lò rí, èyí tí wọ́n kó gba èbúté Kútọnu wọlé. Ó yá, nítorí pé wọ́n lè yọ ti àtijọ́ kí wọ́n sì gbé èyí sí i láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ewu rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí i níbi tí ó ti ń bọ̀.

Ọ̀nà kẹta ni kí ó ra àbúrò ẹ́ńjìnnì náà. OM 366 ni ó jáde lẹ́yìn OM 352, láti inú ìdílé kan náà. Ihò rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ sí i, ó sì sún mọ́ lítà 6. Èyí tí kò ní tọ́bò ní agbára ẹṣin 136. Èyí tí ó ní tọ́bò lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tọ́bò ni ẹ̀rọ kékeré tí èéfín ń yí, tí ó sì ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọ inú sìlíńdà. Nítorí pé ìdílé kan ni wọ́n, iṣẹ́ gbígbé e sínú ọkọ̀ kò le tó ti àjèjì, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì sì mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà kẹrin ni kí ó lọ ra ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé tí agbára rẹ̀ pọ̀ gan-an. Àpẹẹrẹ kan ni OM 906, tí ó jáde ní ìparí àwọn ọdún 1990. Agbára rẹ̀ lè ju ẹṣin 200 lọ. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni ó ń pàṣẹ iye gásóìlì tí yóò wọ inú rẹ̀ àti àkókò tí yóò wọ̀ ọ́.

Ọ̀nà kẹrin yìí ni ó máa ń wọ ojú ọlọ́kọ̀ jù. Ìjíròrò tí ó máa ń wáyé kì í yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí:

“Ọ̀gá mẹkáníìkì, wọ́n ní èyí tí ó ju igba ẹṣin lọ wà nílẹ̀ ní Kútọnu. Òun ni mo fẹ́. Ẹrẹ̀ kan kò ní dá mi dúró mọ́.”

“Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá dákẹ́ ní àárín oko, ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀? Ohun èlò tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kò sí lọ́wọ́ mi. Ẹ tún wo àpótí jíà yín. Agbára ẹṣin 130 ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá so igba mọ́ ọn, ṣé kò ní fọ́?”

Nínú ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì yẹn ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ẹ́ńjìnnì kì í dá rìn

Agbára tí ẹ́ńjìnnì bá mú jáde ní láti gba ọ̀nà jíjìn kí ó tó dé táyà. Ó ń gba kílọ́ọ̀ṣì kọjá, ó ń wọ àpótí jíà, ó ń gba ọ̀pá irin gígùn abẹ́ ọkọ̀, ó sì ń dé àpótí irin tí ó wà láàárín táyà méjèèjì. Èyí tí ó bá lẹ jù nínú wọn ni yóò kọ́kọ́ já. Bí ẹ́ńjìnnì bá lágbára ju ohun tí wọ́n lè gbà lọ, ọlọ́kọ̀ kò tíì yanjú ìṣòro rẹ̀. Ó kàn gbé e láti iwájú ọkọ̀ lọ sí abẹ́ rẹ̀ ni.

Ohun márùn-ún mìíràn wà tí ó yẹ kí ó wọ̀n kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀:

1. Ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń so mọ́ àpótí jíà. Bí ihò bóòtù wọn kò bá bára mu, wọ́n ní láti ṣe irin àárín, iṣẹ́ yẹn sì gba ọwọ́ tí ó mọ ìwọ̀n.

2. Rádíétọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ pọ̀ máa ń mú ooru púpọ̀ jáde. Rádíétọ̀ àtijọ́ lè má tó o, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́ sí i.

3. Abọ́ epo tí ó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Nínú ọkọ̀ tí táyà iwájú rẹ̀ ń fà, irin ńlá kan kọjá lábẹ́ ẹ́ńjìnnì láti táyà kan sí èkejì. Bí ọkọ̀ bá já sí kòtò, irin náà á gòkè. Bí abọ́ epo kò bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún LA, irin á gbá a, á sì lù ú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í rántí èyí títí epo yóò fi dà sílẹ̀.

4. Bátìrì. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan ń lo iná 12, àwọn mìíràn ń lo 24. A kì í dà wọ́n pọ̀.

5. Ìwúwo. Bí ẹ́ńjìnnì bá wúwo ju ti àtijọ́ lọ, imú ọkọ̀ yóò máa wọlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ìdarí rẹ̀ yóò sì le fún awakọ̀.

Ẹ̀kọ́ láti ara Berliet

Àwọn tí owó wọn pọ̀ gan-an pẹ̀lú ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní ìparí 1959 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1960, ilé iṣẹ́ Berliet ti ìlú Lyon rán àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kan gba inú aṣálẹ̀ Ténéré kọjá láti Algeria títí dé ilẹ̀ Chad. Lára wọn ni ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Gazelle, tí gbogbo táyà rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Láti inú irú ọkọ̀ yìí ni wọ́n ti ṣe GBC 8 KT fún àwọn ọmọ ogun Faransé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sìlíńdà 5, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ẹṣin 125.

Nígbà tí ó fi di ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn ọkọ̀ náà ti gbó. Ṣùgbọ́n irin ara wọn ṣì le. Dípò kí wọ́n jù wọ́n nù, àwọn ọmọ ogun Faransé ní kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì Renault tí ó ní agbára ẹṣin 180 sí wọn. Orúkọ tí wọ́n fún ọkọ̀ tuntun náà ni GBC 180.

Ẹ̀kọ́ méjì wà níbẹ̀. Èkíní, wọn kò wá ẹ́ńjìnnì tí ó lágbára jù lọ ní ayé. 125 di 180, kò di 400. Èkejì, wọn kò fi àpótí jíà àtijọ́ sílẹ̀: wọ́n yí òun náà padà. Ìjọba tí ó ní ilé iṣẹ́ àti oníṣirò rí i pé ẹ́ńjìnnì kò lè dá lọ. Ọlọ́kọ̀ kan ní Kétu, tí kò ní irú owó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ó rò pé tirẹ̀ yóò dá lọ.

Owó tí ojú kò tètè rí

Owó tí wọ́n fi ra ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ ni owó rẹ̀. Gásóìlì tí yóò máa mu lójoojúmọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àpẹẹrẹ kan yóò fi hàn. Kí a sọ pé ẹ́ńjìnnì kan ń mu lítà 25 láti rin kìlómítà 100, tí èkejì tí ó tóbi jù ú lọ sì ń mu lítà 32. Ìyàtọ̀ jẹ́ lítà 7. Bí ọkọ̀ náà bá ń rin kìlómítà 500 ní ọ̀sẹ̀ kan, ìyàtọ̀ di lítà 35. Bí ó bá ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 50 nínú ọdún, ó di lítà 1750. Kí ọlọ́kọ̀ fi iye tí wọ́n ń ta lítà kan ní ọjọ́ náà sọ ọ́ di ìlọ́po, kí ó sì bi ara rẹ̀ bóyá ẹrù tí òun ń gbé lè san án. Bí ẹrù kò bá pọ̀ sí i, agbára tí ó pọ̀ sí i kò mú owó kan wọlé.

Irú gásóìlì tí a ń lò pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lè fara da gásóìlì tí kò mọ́ tó fún ìgbà díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé ń fi agbára ńlá fọ́n gásóìlì gba ihò tí ó kéré gan-an. Omi díẹ̀ tàbí ìdọ̀tí díẹ̀ nínú gásóìlì inú gálọ́ọ̀nù tó láti ba àwọn ihò náà jẹ́, owó tí wọ́n sì fi ń pààrọ̀ wọn kì í ṣe owó kékeré.

Agbára láti jáde nínú ẹrẹ̀ sì wà lọ́nà mìíràn. Ọkọ̀ LA ní jíà kejì tí ń dín eré kù tí ó sì ń fi kún agbára. Awakọ̀ tí ó bá mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó lò ó, tí táyà rẹ̀ ní eyín, tí kò sì di ẹrù ju ìwọ̀n lọ, yóò gba ibi tí alágbára tí kò mọ̀ ọ́n lò yóò ti rì.

Bí a ṣe ń ra èyí tí wọ́n ti lò rí

Bí ọlọ́kọ̀ bá yàn láti ra èyí tí wọ́n ti lò rí, kí ó mú mẹkáníìkì tirẹ̀ dání. Kí wọ́n má gba ẹ́ńjìnnì tí wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí wọ́n ní kí wọ́n ta á nígbà tí ó tutù, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti gbé gbóná sílẹ̀ lè fi àìsàn rẹ̀ pamọ́.

Lẹ́yìn tí ó bá dìde, kí wọ́n ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da epo sí. Bí èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ipá, afẹ́fẹ́ ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pístọ́ọ̀nù nìyẹn. Kí wọ́n fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn epo jáde. Bí epo bá rí bí ẹ̀kọ tí wọ́n da wàrà sí, omi ti bá a pọ̀. Kí wọ́n fi ìka ra epo náà: bí ẹ̀fọ́ irin tí ń dán bá wà nínú rẹ̀, ohun kan ń jẹ nínú. Kí wọ́n wo ara ẹ́ńjìnnì bóyá ibi kan wà tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Àwọ̀ ọ̀dà tuntun tí ó ń dán kì í ṣe ẹ̀rí ìlera.

Kí ọlọ́kọ̀ ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi irin ha á tàbí tí wọ́n ti tún un tẹ̀, kí ó kúrò níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní orúkọ lè jẹ́ ti olè.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo tó: ọjọ́, orúkọ ẹni tí ó tà á àti ti ẹni tí ó rà á, irú ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà rẹ̀, iye owó, àti iye ọjọ́ tí olùtajà gbà láti fi pààrọ̀ rẹ̀ bí kò bá ṣiṣẹ́. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń yí padà nígbà tí ìjà bá dé. Ìwé kì í yí padà. Ìwé yìí kan náà ni ọlọ́kọ̀ yóò fi hàn bí ẹnikẹ́ni bá bi í níbi tí ó ti rí ẹ́ńjìnnì. Bí agbára èyí tí ó rà bá sì yàtọ̀ sí ti àtijọ́, kí ó lọ bèèrè lọ́dọ̀ ANaTT, ilé iṣẹ́ tí ń bójú tó ìwé ọkọ̀, kí ó tó gbé e sí ojú ọ̀nà.

Lẹ́yìn tí ó bá ti wọlé

Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe dà bí aláìsàn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. A kì í di ẹrù kíkún lé e ní ọjọ́ kìíní. Kí ó fi ẹrù díẹ̀ rìn fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tètè pààrọ̀ epo rẹ̀, nítorí pé epo àkọ́kọ́ ni ó ń kó ẹ̀fọ́ irin jáde.

Eruku ni ọ̀tá rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí fílítà afẹ́fẹ́ bá lu, tàbí tí ó já díẹ̀, eruku pupa á wọ inú sìlíńdà, á sì máa jẹ irin bí ìwé tí wọ́n fi ń ha pákó. Ẹ́ńjìnnì tí owó rẹ̀ tó èrè ọdún kan lè gbó láàárín àsìkò kan ṣoṣo nítorí fílítà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ó bá sì ní tọ́bò, kí awakọ̀ jẹ́ kí ó máa hó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó pa á, kí epo lè tu tọ́bò náà lára.

Fún ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ní Kétu tí ọkọ̀ wọn jẹ́ 1113 tàbí irú rẹ̀, tí ìrìn wọn sì jẹ́ láti oko sí ọjà, ọ̀nà tí ó bọ́gbọ́n mu jù kò ju méjì lọ: kí wọ́n tún ti àtijọ́ ṣe dáradára bí irin rẹ̀ kò bá tí ì là, tàbí kí wọ́n ra irú rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò dáadáa. Ẹ́ńjìnnì tí ó yẹ ni èyí tí àpótí jíà lè gbà, tí rádíétọ̀ lè tù lára, tí gásóìlì àdúgbò lè bọ́, tí mẹkáníìkì tí ó wà nítòsí lè tú kí ó sì tò ó padà, tí àwọn ohun èlò rẹ̀ sì wà ní ọjà.

Nígbà tí òjò bá tún dé, tí àgbàdo sì tún gbó, ohun tí àgbẹ̀ ń retí lẹ́bàá ọ̀nà kò ju ọ̀kan lọ. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ dé, kí ó gbé ẹrù rẹ̀, kí ó sì gba inú ẹrẹ̀ jáde lọ sí ọjà kí irè rẹ̀ tó bàjẹ́. Ọkọ̀ tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, agbára ẹṣin 130 ti tó o.